Ẹni Tí Ó Jókòó Sórí Àga Gbénró

Akínladé méjì ni ó wà nínú fótò náà. Ọ̀kan dúró ní ìparí ìlà ẹ̀yìn, ó le ojú koko bí ẹni tí ń pe orúkọ àwọn ọmọ tó pẹ́ dé ilé ìwé. Èkejì jókòó ní àárín gbùngbùn ìlà iwájú, lórí àga tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ jókòó lé, ó ń rẹ́rìn-ín débi pé èrìgì rẹ̀ hàn.

Japheth Akínladé gbé fótò náà súnmọ́ ojú fèrèsé. Ó yí i sẹ́yìn, bí ẹni pé àlàyé lè wà níbẹ̀. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀ bí kò ṣe òǹtẹ̀ ilé iṣẹ́: Àkànó Ayàwòrán, Pákò, Igbó-Ọrà.

"Àkànó," ó ní, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀, "ta nìyí?"

"Ẹ̀yin ni, Tíṣà."

"Ta wá ni èyí?"

"Ẹ̀yin náà ni." Àkànó fi àkísà nu ọwọ́, inú rẹ̀ ń dùn. "Ẹ ò rí bó ṣe mọ́ tó? Ẹ fi ìka wá etí ibi tí mo gé e. Bí ẹ bá rí i, kí ẹ má sanwó."

Akínladé kì í pariwo. Ó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, ó sì mọ̀ pé ohùn tí a bá tẹ̀ sílẹ̀ ni ọmọ ń bẹ̀rù jù. Ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ nínú àpòòwé láti òkè òkun ni ó fi gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀, tí ó ń kà á lẹ́yìn iṣẹ́ oko, tí ó ń ṣọ́ epo fìtílà lò. Láti ìgbà náà ni kò ti fẹ́ràn ìfiṣòfò. Àpòòwé tí ẹnikẹ́ni bá fi kọ lẹ́tà sí i, á tú u, á yí inú rẹ̀ síta, á lẹ̀ ẹ́ padà, á sì tún un lò. Rosaline ìyàwó rẹ̀, ìyá Yẹ́misí ọmọ wọn, a máa sọ pé bí ọkọ òun bá rí ọ̀nà rẹ̀, á yí bàtà pàápàá, á fi inú rẹ̀ síta.

"Mo sọ fún ọ pé kí àga yẹn ṣófo."

"Ẹ sọ bẹ́ẹ̀."

"Mo sì sọ ìdí rẹ̀."

"Ẹ ní àga Bàbá Edith ni. Ẹ ní Bàbá Edith ti lọ." Àkànó na ọwọ́ méjèèjì. "Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ògiri mi."

Akínladé kò fẹ́ wò ó, ṣùgbọ́n kò sí ibòmíràn tí ojú lè lọ nínú ilé kótópó náà. Ìbejì ni ó kún ògiri: ìbejì lórí itan ìyá wọn, ìbejì tó dé fìlà kan náà, ìbejì àgbàlagbà tó di ọwọ́ ara wọn mú bí ẹni pé ẹnì kan fẹ́ jí ọ̀kan gbé. Ayàwòrán tí kò bá mọ ìbejì yà ní Igbó-Ọrà, ebi ni yóò pa á. Nínú àwọn fótò wọ̀nyí, àwọn kan wà tí ojú kan náà wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Bí ọ̀kan nínú ìbejì bá ti padà lọ, tí ìyá wọn sì fẹ́ fótò àwọn méjèèjì, Àkànó á gbé èyí tó kù jókòó lápá ọ̀tún, á yà á. Á tún gbé e jókòó lápá òsì, á yà á. Lẹ́yìn náà á so wọ́n pọ̀. Kò sí ìyá kan tí ó bi í rí pé irú fótò wo nìyí.

"Àwọn èèyàn mi kì í gba àlàfo," Àkànó ní. "Bí mo bá gbé fótò tí àárín rẹ̀ ṣófo jáde, wọ́n á ní mi ò mọṣẹ́. Mo wá bi ara mi pé, ta ni ẹnì kejì Bàbá Edith? Gbogbo Pákò ló mọ̀. Ẹ̀yin ni."

"Èmi kì í ṣe ìbejì Gbénró."

"Ẹ̀yin lẹ sọ bẹ́ẹ̀."

"Ìgbà wo ni mo tilẹ̀ jókòó síbẹ̀ tí mo ń rẹ́rìn-ín?"

"Ẹ ti gbàgbé ni? Mo ní kí ẹnì kan jókòó kí n fi mọ bí ojú ẹ̀rọ ṣe máa rí. Ẹ̀yin lẹ jókòó, tí ẹ ní kí n ṣe kíá. Mo wá ní, 'Ẹ bá mi sọ fún Bàbá Edith kó má mì lónìí o!' Gbogbo yín bú sẹ́rìn-ín. Ọwọ́ mi sì ti wà lórí ẹ̀rọ." Ó gbọn èjìká. "Ẹ ní kí n má fi fíìmù ṣòfò. Mi ò fi ṣòfò."

Akínladé rántí.

Káfíńtà ni Gbénró, bàbá Edith. Òun ni ó kan gbogbo àga ilé ìpàdé Ẹgbẹ́ Ará Àtùpà, ṣùgbọ́n kò lè jókòó jẹ́ẹ́ lórí ọ̀kan nínú wọn. Bí ayàwòrán bá ní kí ẹnikẹ́ni má mì, ìgbà náà ni Gbénró á yíjú sí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé, "Ṣé ó ti yà á ni?" Nínú gbogbo fótò ẹgbẹ́, ọrùn kan wà tí ó gbé èéfín dípò orí. Gbénró ni.

Ẹgbẹ́ náà ní ẹ̀ka káàkiri. Onígbàgbọ́ wà níbẹ̀, Mùsùlùmí wà níbẹ̀, arákùnrin ni gbogbo wọn ń pe ara wọn, wọ́n ń sin òkú ara wọn, wọ́n sì ń ran ọmọ ara wọn lọ́wọ́ láti kàwé. Ìbàdàn ni wọ́n ti ń tẹ ìwé ìròyìn wọn, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Àtùpà. Ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ni ó ń fi ìtàn àti fótò ránṣẹ́ sí i. Wọ́n ti tẹ ti Ẹrúwà, wọ́n ti tẹ ti Ayétẹ̀, àwọn ará Ẹrúwà sì ti fi tiwọn há ògiri, wọn kò jẹ́ kí àlejò kọjá láìwò ó. Ti Igbó-Ọrà, tí Akínladé jẹ́ akọ̀wé rẹ̀, wọn kò tíì tẹ̀ ẹ́ rí. Nígbà àkọ́kọ́ tí ó fi ìtàn ránṣẹ́, olóòtú dá a padà, ó kọ ọ́ sí etí rẹ̀ pé: "A ti rí ìpàdé yín. A kò rí ènìyàn níbẹ̀." Nígbà tó tún ṣe, fótò ni wọ́n dá padà: arákùnrin kan ní ìlà iwájú kò ní ojú. Gbénró fúnra rẹ̀ ni ó gba ìwé náà lọ́wọ́ Akínladé tí ó kà á sókè ní ìpàdé. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú.

Nígbà ọyẹ́ tó kọjá ni Gbénró kú. Ibà ni wọ́n pè é. Olóòtú wá kéde pé Àtùpà tó ń bọ̀ yóò jẹ́ ti ìrántí: kí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan fi fótò kan àti ìtàn kan ránṣẹ́ nípa arákùnrin tí ó lọ. Ìtàn tí kò bá ní fótò, wọn kò ní tẹ̀ ẹ́. Àárọ̀ Ọjọ́ Ajé ni wọn yóò pa ìwé dé. Òní sì ni Sátidé.

"Fún mi ní èyí tí àga rẹ̀ ṣófo," Akínladé ní.

"Òun ni mo lẹ ẹ̀rín yín mọ́, Tíṣà."

"Tẹ òmíràn."

"Ọ̀dọ̀ ọ̀gá mi ní Abẹ́òkúta ni mo ti fọ̀ ọ́. Ibẹ̀ ni fíìmù wà."

Kò sí àtúnyà. Nínú àwọn arákùnrin tó wà nínú fótò, Òjó ti padà sí oko rẹ̀ ní Ìgàngán, Adérógbà ti lọ sí Ayétẹ̀. Láwàl awakọ̀, tí òun náà jẹ́ arákùnrin, yóò gbé ọkọ̀ gàrí lọ sí Ìbàdàn lẹ́yìn ìrun Aláásárì, òun ni wọn yóò fi nǹkan náà rán. Akínladé fi fótò sínú àpòòwé tí ó ti yí inú rẹ̀ síta. Ó sanwó, nítorí kò rí etí ibi tí wọ́n gé e.

Lójú ọ̀nà, ó ń tẹ kẹ̀kẹ́, ó ń rò ó síwá sẹ́yìn. Bí kò bá fi í ránṣẹ́, Gbénró á kọjá lọ láìsí ibì kan tí wọ́n ti tẹ orúkọ rẹ̀. Bí ó bá sì fi í ránṣẹ́, ẹnikẹ́ni tó bá ṣí Àtùpà á rí Japheth Akínladé lórí àga òkú ọ̀rẹ́ rẹ̀, tí ó ń ṣí eyín. Ẹrúwà á fi í ṣe àwàdà. Ìyẹn kò dun ún púpọ̀. Ojú Màmá Edith ni kò lè wò. Nítorí náà, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ó yí kẹ̀kẹ́ sí. Bí opó náà bá bú sẹ́kún, yóò fa fótò ya, ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀.

Màmá Edith ń yan gàrí nínú àgbàlá. Edith ni ó kọ́kọ́ gba àpòòwé, ọmọbìnrin gíga tí ó ti gba ìwàǹwára bàbá rẹ̀. Ó yọ fótò, ó wò ó, ó pariwo.

"Yéè! Màmá, Bàbá Yẹ́misí ti di ìbejì!"

"Edith, mú ohùn rẹ wálẹ̀," Akínladé ní.

Màmá Edith fi ìgbálẹ̀ kékeré gbá gàrí tó ti gbẹ sí ẹ̀gbẹ́ ìkòkò, ó nu ọwọ́ sí ìró rẹ̀, ó sì gba fótò náà ní etí, kí epo má baà kàn án. Ó wò ó pẹ́. Akínladé bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé.

"Àṣìṣe Àkànó ni. Mo ní kí ó fi àyè náà sílẹ̀. Kì í ṣe pé mo fẹ́ gba ipò ẹnikẹ́ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó dùn yín. Bí ẹ bá ti sọ̀rọ̀ kan báyìí, n ó fà á ya níhìn-ín."

"Ta ló jókòó yìí?" Màmá Edith bèèrè.

"Èmi ni. Àṣìṣe..."

"Mi ò bèèrè ẹni tó ni ojú. Mo ní, ta ló jókòó?"

Akínladé wò ó. Obìnrin náà kò sunkún, kò sì bínú. Ó fi àgbọ̀n tọ́ka sí inú yàrá, níbi tí ilẹ̀kùn ti ṣí sílẹ̀, tí fótò kan sì wà lára ògiri: ọmọdébìnrin méjì tó wọ kaba kan náà, tí ìbọ̀sẹ̀ wọn jọra, tí wọ́n jókòó lórí àga kékeré méjì.

"Ta nìyẹn lápá ọ̀tún?"

"Edith ni."

"Ìyẹn lápá òsì ńkọ́?"

"Kẹ́hìndé ni," Akínladé ní.

Ó ti sọ ọ́ kí ó tó mọ̀ pé òun sọ ọ́. Ó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n ya fótò náà. Kẹ́hìndé, ẹnì kejì Edith, ti padà lọ kí ó tó mọ ìrìn. Òun fúnra rẹ̀ ni ó gbé Edith kúrò lórí àga kan tí ó gbé e sórí èkejì, nítorí Gbénró kò lè dúró sójú kan. Láti ọjọ́ náà, gbogbo ìgbà tí ó bá wọ ilé yìí, bí ẹnikẹ́ni bá bèèrè, Kẹ́hìndé ni ó ń pè é. Kò tíì ka ara rẹ̀ sí òpùrọ́ nítorí rẹ̀ rí.

"Ẹ ṣeun," Màmá Edith ní, ó sì padà sídìí gàrí rẹ̀. "Bàbá Edith ò ní fótò kan ṣoṣo tí ojú wà níbẹ̀. Gbogbo rẹ̀, èéfín ni. Ó yá tiyín lò. Àbí ẹ fẹ́ gbà á padà lọ́wọ́ rẹ̀?"

"Màmá Edith, mo ń rẹ́rìn-ín níbẹ̀."

"Òun náà ńkọ́? Ṣé ẹkún ni ẹ mọ̀ ọ́n mọ́?" Ó da gàrí sórí ọpọ́n, ó wo Akínladé láti ìsàlẹ̀, ojú rẹ̀ sì ń dán. "Láti ìgbà tó ti lọ ni mi ò ti rí eyín yín, Bàbá Yẹ́misí. Mo rò pé ẹ ti tọ́jú wọn pamọ́ fún ọdún tó ń bọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ kì í fi nǹkan ṣòfò, kí lẹ fẹ́ fi ẹ̀rín ṣe nínú àpótí?"

Edith fi ọwọ́ bo ẹnu. Akínladé gba fótò rẹ̀, ó dúpẹ́, ó gun kẹ̀kẹ́. Wọ́n fún un ní gàrí gbígbóná nínú ewé. Kò rántí ìgbà tí ó gbà á.

Ní ilé, Rosaline ń ṣan aṣọ. Akínladé jókòó sídìí tábìlì, ó mú ìtàn tí ó ti kọ sílẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá jáde. Ó ti ṣe àtúnkọ rẹ̀ títí kò fi sí ọ̀rọ̀ kan tí ó lé.

"Ẹ kà á kí n gbọ́," Rosaline ní.

Ó kà á. "'Arákùnrin Gbénró darapọ̀ mọ́ ẹ̀ka yìí ní ìgbà tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ó jẹ́ ẹni tí ó fọkàn sí iṣẹ́. Kò pa ìpàdé jẹ rí. Ó ṣe àga fún ẹgbẹ́ pẹ̀lú ìfarabalẹ̀...'"

"Ta lẹ ń sọ?"

"Gbénró ni."

"Mi ò mọ̀ ọ́n." Rosaline fún omi kúrò lára aṣọ. "Èyí tí mo mọ̀, tó jókòó sórí àga yẹn tó ń mì, tó fi ẹsẹ̀ da obẹ̀ mi nù lọ́jọ́ ìwúyè ẹgbẹ́, tó sì ní kí n má bínú, pé àga ló ṣe é, pé òun á bá káfíńtà jà... ṣé òun kọ́ ni?"

Akínladé wo ìwé ọwọ́ rẹ̀. Ìpàdé wà níbẹ̀. Ènìyàn kò sí níbẹ̀. Ó yí ìwé náà padà, nítorí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣì mọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀.

Ó kọ ọ́ pé Gbénró kò lè dúró jẹ́ẹ́. Ó kọ nípa ọrùn tó gbé èéfín, àti ìwé olóòtú tí òkú náà kà sókè fún gbogbo arákùnrin, tí ó ní kí wọ́n gbé e há ògiri nítorí pé ìyẹn ni nǹkan àkọ́kọ́ tí Ìbàdàn sọ nípa òun. Ó kọ nípa obẹ̀. Ó kọ nípa bí Gbénró ṣe fi igi tó ṣẹ́kù lára àga ẹgbẹ́ kan àpótí ìwé fún olùkọ́ kan tí kò ní owó, tí ó sì ní igi náà ni ó ń bẹ òun pé kí wọ́n má fi òun ṣòfò. Àpótí ìwé náà wà lẹ́yìn rẹ̀ bí ó ṣe ń kọ ọ́, kò yíjú wò ó. Lẹ́yìn náà, ó kọ nípa Àkànó, nípa àga tó yẹ kó ṣófo, àti ohun tí wọ́n máa ń ṣe ní Igbó-Ọrà bí ẹnì kan bá kù nínú ẹni méjì. Ọ̀rọ̀ tó bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là á fi í rín. Kò kọ òwe náà sílẹ̀. Ó rò ó, ó sì rí i pé fótò ti sọ ọ́.

Gègé ń sáré. Bí ibi tí ó yẹ kó dúró ti dé, ó dúró. Gẹ́gẹ́ bí ìlànà olóòtú, ó kù kí ó kọ orúkọ àwọn arákùnrin sí ìsàlẹ̀ fótò, láti òsì sí ọ̀tún. Ìlà ẹ̀yìn kò ní wàhálà. Ó fi orúkọ ara rẹ̀ parí rẹ̀. Ìlà iwájú: Láwàl, Òjó. Ó dé àárín. Ọkùnrin tó jókòó síbẹ̀ ń rẹ́rìn-ín sí i láìbìkítà, bí ẹni tó mọ àwàdà kan tí kò ní sọ.

Akínladé ki gègé bọ tàdáwà. Ó kọ ọ́: Gbénró. Ó sì ń bá a lọ dé Adérógbà.

Fèrè ọkọ̀ ké lójú ọ̀nà. Láwàl wọlé, omi àlùwàlá kò tíì gbẹ tán létí rẹ̀, òógùn ti ń bọ̀ lẹ́yìn.

"Tíṣà, ẹ yára o, èrò ti ń bú mi! Wọ́n ní ṣé ìwé ìgbéyàwó ni ẹ ń kọ ni."

"Bàbá Sàrátù, ó ti parí. Ẹ dúró kó gbẹ."

Láwàl tẹ̀ sórí tábìlì. Ó wá ojú ara rẹ̀ kiri, ó rí i, ó yìn ín. Ó wá ojú àwọn yòókù. Ojú rẹ̀ lọ sí ẹ̀yìn, ó padà sí iwájú, ó tún lọ sí ẹ̀yìn.

"Ẹ̀yin rèé lẹ́yìn níbí."

"Èmi ni."

"Ta wá lèyí?"

Rosaline dá ọwọ́ dúró lórí aṣọ.

"Gbénró ni," Akínladé ní.

Láwàl gbé fótò náà sókè. Ó gbé e jìnnà, ó gbé e súnmọ́. Òun náà wà níbẹ̀ nígbà tí Àkànó ní kí Bàbá Edith má mì, òun ni ó tilẹ̀ kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Ó mi orí díẹ̀díẹ̀.

"Ó mà dúró jẹ́ẹ́ lónìí," ó ní.

Ó ki àpòòwé sábẹ́ aṣọ rẹ̀, lápá àyà, ó sáré jáde. Èrò bú u, ó bú wọn padà, ọkọ̀ sì gbọn ara rẹ̀ bí ẹran tó jí lójú oorun. Akínladé dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn títí eruku fi wálẹ̀ lójú ọ̀nà Ẹrúwà.

"Bàbá Yẹ́misí," Rosaline pè é láti ẹ̀yìn, "kí lẹ ń rín?"

Kò mọ̀ pé òun ń rẹ́rìn-ín. Ó fi ọwọ́ kan ẹnu ara rẹ̀, ó bá ẹ̀rín níbẹ̀, ó sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.